Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Sabine

Kí Fortuné tó gbà láti fi alùpùpù rẹ̀ gbé Sabine láti Sakété lọ sí Issaba, ó bi í bóyá kò gbé ẹrù fàyàwọ́. Wọ́n ti gba alùpùpù lọ́wọ́ rẹ̀ rí nítorí ẹrù oníbàárà, ẹni tí ejò sì ti bù ṣán rí, ekòló ń bà á lẹ́rù. Sabine ní òun ò gbé ju ẹní, ike omi àti ọmọ ẹ̀yìn òun lọ. Ó tún ọ̀já rẹ̀ so kó le, ó gun alùpùpù náà. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé: kó délé láìsí ẹni tó máa ní kó tú ọ̀já náà.

Kí wọ́n tó dé Pobè, àwọn ọmọ ogun ti fi igi dábùú ọ̀nà. Èyí tó dá wọn dúró wọ aṣọ aláwọ̀ ewé àti erùpẹ̀, irú tí wọ́n fi ń fara pamọ́ nínú igbó. Lójú ọ̀nà ọ̀dà, òkèèrè lèèyàn ti ń rí i. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan pọn ìrẹsì fàyàwọ́ bí ọmọ kọjá níwájú òun, ó tiẹ̀ dé e ní fìlà.

"Ìyá ọmọ, ẹ jẹ́ ká rí i."

Ó yẹ kẹ́rù ba Sabine, àmọ́ kò bà á. Láti àárọ̀ ni nǹkan kan ò ti bà á lẹ́rù mọ́. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì ṣí fìlà ọmọ náà díẹ̀. Ọmọ ogun náà rí irun, etí kékeré kan, àti ẹsẹ̀ méjì nínú ìbọ̀sẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní nígbà tí òun wà lápá àríwá, wọ́n kọ́ àwọn pé aṣọ kọ́ ló ń bo èèyàn, àìmira ni. Bí ìjàlọ gùn ọ́ lẹ́sẹ̀, o ò gbọdọ̀ mira.

"Ológun lọmọ yìí máa ṣe," ló wí. "Pẹ̀lú gbogbo ariwo alùpùpù yìí, kò mira."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ọ̀gá," ni Sabine wí. "Kò sùn lánàá."

Ọmọ ogun náà gbé igi kúrò lójú ọ̀nà. Láti Pobè lọ, Fortuné ń ròyìn ọmọ tirẹ̀ tó máa ń ké ní gbogbo kòtò. Ó ní kí Sabine fọwọ́ gbá orí ọmọ náà mú, torí ó ti ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Sabine gbá a mú.

Nígbà tí wọ́n dé Issaba, ìyá ọkọ rẹ̀ jáde, ó na ọwọ́ láti gba ọmọ, ṣùgbọ́n Sabine dúró títí ìró alùpùpù náà fi pòórá kó tó kúnlẹ̀, tó tú ọ̀já, tó sì wí pé, "Ìyá, ẹ má bínú, láti àárọ̀ ló ti dákẹ́ ní ọsibítù ní Sakété, bí mo bá sọ pé òkú ni mo pọ̀n, kò sí ọlọ́kọ̀ tó máa gbé wa wálé."