Ọmọ Tí Kò Mira

"Má mira o, Fọláhànmí," ni obìnrin ayàwòrán ọsibítù náà sọ, kó tó ti ọmọ ọdún márùn-ún náà sínú ẹ̀rọ òòfà tó ń ya àwòrán inú ara. Wọ́n fẹ́ wo ọpọlọ rẹ̀ nítorí orí fífọ́ tí kò lọ. Bàbá rẹ̀, tó gbé e wá láti àdúgbò Eneka, dúró níta.

Ẹ̀rọ náà ń pariwo gbàù-gbàù. Àgbàlagbà gan-an máa ń ta gìrì nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò mi ìka kan.

"O káre! Ta ló kọ́ ọ?" ni ayàwòrán bi í, bó ṣe ń gbé e sọ̀kalẹ̀.

Ọmọ náà dáhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Na so I dey do when Daddy vex. If I no move, e no go beat me again."

Bàbá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. "Ṣé ẹ ti ṣe tán?"

Ayàwòrán rọra fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn láti inú.