Ìró Tí Níní Jí

“Olè ni, mà. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wa.” Bàbá Níní tún ti ọmọ náà síwájú mátírónì ilé ìtọ́jú ọmọ ní Bàríga.

Mátírónì wò wọ́n láti òkè délẹ̀. Agbádá lọ́sàn-án gangan, bí ẹni tó ń lọ jẹ oyè! Ìyàwó tuntun náà sì ti kun ètè. Nítorí ọmọ kékeré tí ìyá rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ṣe múra tó báyìí.

“Kí ló jí?”

“Ìró tí mo ró yìí gan-an!” ni ìyàwó dáhùn. “Gbogbo ìgbà là ń bá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó wé e mọ́ra. A nà án tì, mà.”

“Ẹ kú iṣẹ́,” ni mátírónì wí, ó yínmú.

Níní kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó bàbá rẹ̀, ó wá etí ìró náà kiri títí ó fi rí ihò kékeré kan, ó sì ti ìka bọ̀ ọ́.

“Ibí ni iná ta bà nígbà tí màámi ń yan ẹja.”

Ìyàwó yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Ẹ ní ẹ rà á fún mi ni!”

Bàbá Níní wolẹ̀.

“Ẹ tú u sílẹ̀ fún ọmọ,” ni mátírónì wí.

“Kí ni ìyàwó mi máa wá ró délé, mà?”

“Ẹ bọ́ agbádá yín fún un. Ó kúkú fẹ̀.”

Kí wọ́n tó dé ẹnu géètì, Níní ti sùn lọ lórí bẹ́ńṣì, ìró náà ló fi bora.