Ìbéèrè Tí Màmá Bi Moṣọpẹ́

Gàrí Moṣọpẹ́ ti fa omi rẹ̀ tán, kò tíì fi ṣíbí kàn án.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan n'Íjẹ̀bú-Òde ni pé kó ka fáìlì aláìsàn, kó sì fi nọ́ńbà sí àrùn tí dókítà bá rí.

"Kí ló ń ṣe Ìyá Joel aládùúgbò wa gan-an?" ni ìyá rẹ̀ bi í. "Ṣebí ìwọ lò ń rí fáìlì wọn."

"Màámi, a ti búra. Dókítà nìkan ló lè sọ ọ́."

"Èmi tí mo bí ẹ ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, mà."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Lọ́la ni dókítà máa sọ èsì àyẹ̀wò kókó inú ọmú mi yìí. Ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún."

"Ẹ ṣé, mà."

Láàárọ̀ òní, Moṣọpẹ́ ló fi nọ́ńbà jẹjẹrẹ sí fáìlì ìyá rẹ̀.