Kòkòrò Irin Tó Ń La Ọ̀nà Òróòro

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ọkọ Wúràọlá a máa gbé kòkòrò irin, ẹ̀rọ kékeré tí dókítà fún un, mì. Ohùn ènìyàn ló ń darí kòkòrò náà nínú ikùn, nítorí náà Wúràọlá a máa kọrin sí i:

"Rọra wọlé, àlejò inú,
Lànà kí òróòro ṣàn."

"Orin yìí gan-an ló ń sá fún tó fi ń sáré wọlé," ni ọkọ rẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀.

Kó tó di ọ̀sán, ẹyinjú rẹ̀ tó pọ́n bí ìyeyè á ti funfun padà. Ọ̀nà òróòro á là, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ tó ń dí i ti kọjá ìwòsàn.

"Bàbá Tinúadé, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni mo pe àìsàn yìí," ni Wúràọlá dárò lọ́jọ́ kan. " Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń fún yín lágbo! Ká ní mo mọ̀ ni!"

"Ó korò o," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Mo ń mu àgbo náà torí pé ìwọ lo sè é."