Ẹ̀gà tó Kù Lórí Ọ̀pẹ

Bàbá Ṣàngódèyí ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń pa ẹ̀rọ amúnáwá. Òfin ni: láràárọ̀, àdúgbò gbọ́dọ̀ dákẹ́ fúngbà díẹ̀ kí àwọn ẹyẹ lè gbọ́ ara wọn.

Lórí ọ̀pẹ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Mọrẹ́nikẹ́, tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata, ni akọ ẹ̀gà kan ṣoṣo tó kù wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti hun ìtẹ́ tó sì tú u ká, torí abo kankan kò wọ̀ ọ́. Bí abo kò bá wọ ẹ̀kẹta tó hun yìí náà, yóò kó lọ bí àwọn ẹ̀gà yòókù.

Bàbá pa ẹ̀rọ ata gbẹ̀yìn. Ibẹ̀ dá wáí. Abo kan sì bà sórí imọ̀ ọ̀pẹ.

"Ó ti dé o, Bàbá!" Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ lọgun.

"Rọra, ìyàwó mi. Ẹ̀rọ ti kú."

"Ẹ má bínú, sà. Ọ̀fun mi ló gbàgbé."

Akọ náà rọ̀ sábẹ́ ìtẹ́, ó ké. Igbe rẹ̀ le bí ìgbà tí irin ń ha irin. Àárín ẹ̀rọ ló ti kọ́ ọ, kò mọ òmíràn. Ẹ̀rù ba abo, ó fò lọ sórí páànù.

Bàbá jókòó wọ̀ọ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Tan ẹ̀rọ tìrẹ."

"Kò sí ata nílẹ̀ o. Òfin ńkọ́?"

"Ṣé òfin ló fẹ́ yé ẹyin ni?"

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, igbe akọ sì rọlẹ̀ sínú ariwo rẹ̀. Abo padà wá. Ó yí ìtẹ́ náà po, ó wọlé.

Gbogbo àdúgbò dákẹ́. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló kù tó ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ata lẹ́nu rẹ̀.