Ìwé Ẹ̀jẹ̀ Damien

Nígbà kẹta tí òtútù àyà ki Gracia mọ́lẹ̀ láàárín ọdún kan, ilé ìwòsàn kan ní Pobè ni wọ́n sáré gbé e lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ìhà ẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, bí ẹni tó sáré láti Igana dé ibẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí ara ọmọ ti ń yá, Dókítà Arlette pe bàbá àti ìyá ẹ̀ wọ yàrá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ SS lọmọ náà ní, ìdí nìyẹn tí òtútù àyà ò fi yé já lé e. Ó ní wọ́n máa ń jogún ẹ̀ ni, bàbá á fún ọmọ ní S kan, ìyá á fún un ní S kan.

Prudence, ìyá ọmọ, ní òun mọ̀ pé AS lòun. Damien gbójú sókè. Ìyàwó ẹ̀ ló ń wò.

AA ni Damien, ìwé ẹ̀ sì wà nílé. Ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ kì í so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ láìrí ìwé ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì. Nígbà tí ti Prudence jáde ní AS, AA tó wà lára ìwé Damien ló jẹ́ káwọn àgbà ìjọ gbà.

Ó rọra bi dókítà bóyá ẹni tó jẹ́ AA lè bí SS.

“Rárá,” ni dókítà wí. “Àmọ́ ìwé lè ṣàṣìṣe. Ẹ jẹ́ ká tún ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan.”

Láti ọjọ́ náà ni Damien ti ń ṣọ́ ìyàwó ẹ̀. Bí Prudence bá wọ balùwẹ̀, á gbé fóònù ẹ̀, á wo àwọn tó pè é. Ó ka oṣù padà sẹ́yìn, ó rí i pé ìgbà tóun ń wa ọkọ̀ gàrí lọ Sakété lójoojúmọ́ ni oyún náà dé. Ó rántí tíṣà kan, Bonaventure, tó máa ń bá Prudence gbé korobá omi nígbà yẹn. Ó wo etí Gracia níbi tó sùn sí, ó wò ó títí, kò rí etí ara ẹ̀ níbẹ̀.

Berthe, ìyá Damien, ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Ó ní kí wọ́n wo ọmọ mẹ́ta tí Jérôme, àbúrò Damien, bí. Òjò ń pa wọ́n, ọyẹ́ ń fẹ́ lù wọ́n, ta ló gbọ́ ikọ́ wọn rí?

“Ọmọ ilé wa, ilé Ṣóbándé, nìyẹn,” ló wí. “Èyí tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ yẹn, kí ìyá ẹ̀ wá sọ ibi tó ti rí i.”

Jérôme, tó jókòó ń jẹun, ní kí ìyá ṣe sùúrù. Ìyá ní kó máa jẹun ẹ̀ lọ. Òun tó ń bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tò sórí ìlà ìwé ìjọba ní méérì, tó ń bá a lọ ìpàdé, ṣé ìyàwó náà ló tún fẹ́ bá a tọ́jú? Kí ilẹ̀ tó ṣú, aṣọ Prudence ti wà nínú àpò méjì lẹ́nu ọ̀nà.

Prudence ò sunkún. Ó wo ọkọ ẹ̀ lójú.

“Bàbá Gracia, ẹ jẹ́ ká lọ tún un ṣe. Tó bá tún jáde ní AA, èmi fúnra mi ni màá gbé ọmọ mi padà sílé bàbá mi l'Ahoyéyé. Ẹ ò ní gbóhùn mi mọ́.”

Ìyẹn gan-an ló kọ Damien lóminú. Kí ló fi í lọ́kàn balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Bóyá Prudence àti dókítà yẹn ti jọ sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ò ní ṣe é ní Pobè, làbó Sakété tó kọ ìwé àkọ́kọ́ làwọn máa lọ. Prudence ní kò burú. Damien tún ro ìyẹn náà títí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, wọ́n yí ẹ̀yìn ọjà Sakété po lẹ́ẹ̀mejì kí Jérôme, tó gun alùpùpù tiẹ̀ tẹ̀ lé wọn, tó nawọ́ sí ilẹ̀kùn làbó náà. Prudence kọ́kọ́ wọlé, ó na apá, ó jáde. Ebi ń pa Gracia, ó gbé e kọjá sí òdìkejì títì lọ wá kóko gbígbóná fún un mu. Obìnrin làbó yọjú, ó pe Damien Ṣóbándé.

Damien fọwọ́ gbá àbúrò ẹ̀ léjìká, ó ní, “Jérôme, dìde, wọlé lọ na apá fún wọn bí o ṣe bá mi ṣe é nígbà ìgbéyàwó, o mọ̀ pé mi ò lè fojú kan abẹ́rẹ́, ìyá kan náà, bàbá kan náà ló sì bí wa.”