Ìgbálẹ̀ Ẹnu Ilẹ̀kùn

Terhi sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó gba etí òkun lọ sílé ìyá rẹ̀.

Yìnyín bo àtẹ̀gùn, kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀.

Ìgbálẹ̀ sì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

Ní ìlú yìí, èdè Fínlándì lo ń sọ o, èdè Súwídìn lo ń sọ o, ohun kan náà ni ìgbálẹ̀ ń wí fún gbogbo yín: onílé ti jáde, má wulẹ̀ kanlẹ̀kùn.

Terhi pòṣé. "Màmá yìí náà! Nínú òtútù yìí?"

Ó yà sọ́dọ̀ Gunnevi, aládùúgbò wọn, kó lè dúró de ìyá níbẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Màmá."

"Ará Helsinki! O ṣì rántí ọ̀nà ilé?" Gunnevi bu kọfí fún un. "Ìyá rẹ dà?"

"Èmi ni mo fẹ́ bi yín."

Ọwọ́ Gunnevi dúró lórí ife. "Ṣebí o mú un lọ ni? Ọjọ́ tó o lọ la ti rí ìgbálẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo tiẹ̀ ń bínú pé ẹ ò dágbére fún mi."

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Etí ìyá ti di, kì í gbé fóònù.

Terhi rántí ọjọ́ náà. Kí ìyá má baà yọ̀ ṣubú, ó gbá yìnyín orí àtẹ̀gùn kúrò tónítóní. Bọ́ọ̀sì fọn fèrè. Ó gbé ìgbálẹ̀ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó sáré.

Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ wà nínú ilé, lójú fèrèsé, ó ń juwọ́ sí i.